Ṣé kí n gé kóòṣì RDC di ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀, àbí kí n kọ́ tuntun láti ìpìlẹ̀?

Ará Kubwa béèrè:

Kóòṣì RDC méjì ló wà lọ́wọ́ mi, mọ́dẹ́ẹ̀lì ọkọ̀ ojú irin akérò tó ń fi ẹ́ńjìnnì ara rẹ̀ rìn. Aristo-Craft ló ṣe wọ́n, skéèlì 1:29, ti ojú irin 45 mm. Àlòkù ni, ṣùgbọ́n mọ́tọ̀ abẹ́ wọn ṣì ń yí. R32 ni mo fẹ́ sọ wọ́n dà, ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ New York tí ara rẹ̀ ń dán bíi páànù tuntun. Àwọn kan ní kí n kùn ún, kí n lẹ nọ́ńbà mọ́ ọn, ó parí. Àwọn kan ní kí n gé e. Ẹnìkan tiẹ̀ sọ pé ẹni bá fi ayùn kan ohun tí wọn ò ṣe mọ́ láyé, orí rẹ̀ ò pé, kí n lọ ra páálí rọ́bà kí n kọ́ ọ láti ìpìlẹ̀. Èwo ni kí n tẹ̀lé? Yàrá kan péré ni mo rí lò. Ojú irin mi yí po, rédíọ́ọ̀sì rẹ̀ (láti àárín ìyípo dé ojú irin) jẹ́ 1195 mm. Kí sì ni mo lè rí rà ní Àbújá níbí, tí mi ò fi ní máa retí ẹrù òkèèrè?

---

Ayùn Irin:

Ẹ gé e. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ fi kálípà, irin tí wọ́n fi ń wọn nǹkan, wọn ìbú rẹ̀ ná. Ìbú ló ń dájọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí, kì í ṣe gígùn.

Ìṣirò rẹ̀ rèé. RDC gidi gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 85, ìyẹn mítà 25.9. Ẹ pín in sí 29, ó di 893 mm. R32 gidi gùn ní mítà 18.44, òun di 636 mm. 257 mm ló gbọ́dọ̀ kúrò. Ìbú ńkọ́? Nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 10 ni àwọn méjèèjì, ó já sí 105 mm lórí mọ́dẹ́ẹ̀lì. Gígùn tó bá lé, ayùn á bá a wí. Ìbú tó bá lé, àfi kí ẹ la òrùlé gbọọrọ láti iwájú dé ẹ̀yìn, ẹni tó bá sì ṣe ìyẹn lẹ́ẹ̀kan kì í ṣe é lẹ́ẹ̀mejì.

Yàtọ̀ sí ìyẹn, ọmọ ìyá ni wọ́n. Iléeṣẹ́ Budd ní Amẹ́ríkà ló bẹ̀rẹ̀ sí ṣe RDC ní 1949, òun náà ló ṣe R32 ní 1964 sí 1965, ẹyọ 600, nọ́ńbà 3350 títí dé 3949. Irin tí kì í dípẹtà kan náà, ara onílàlà kan náà lábẹ́ fèrèsé, iwájú pẹlẹbẹ tó ní ilẹ̀kùn láàárín. Ẹ wá ara onílàlà yẹn lọ sọ́jà kẹ́ ẹ rí i bóyá ẹ ó rí i.

Ti kíkùn lásán, ẹ má dá wọn lóhùn. Ipẹ̀kun méjèèjì nìkan ni RDC ní ilẹ̀kùn sí. R32 ní mẹ́rin ní ẹ̀gbẹ́ kan, mẹ́jọ lára kóòṣì kan. Ilẹ̀kùn yẹn ló ń sọ fún ojú pé ọkọ̀ tí èrò ń rọ́ wọ̀ tí wọ́n ń rọ́ bọ́ ni èyí. Bí wọn ò bá sí níbẹ̀, RDC tí wọ́n kùn lódà náà ni.

---

Páálí Funfun:

Ọ̀gá Ayùn, ẹ ò ka iṣẹ́ yẹn tán. Kóòṣì méjì, ihò ilẹ̀kùn 16, lára rọ́bà onílàlà tó ń fọ́ létí bí ọ̀bẹ bá yọ̀. Ilẹ̀kùn ipẹ̀kun RDC mẹ́rin lára kọ̀ọ̀kan, ẹ ó dí gbogbo wọn. Fèrèsé tó bá ṣubú síbi tí ilẹ̀kùn ń bọ̀, ẹ ó dí ìdajì rẹ̀, ẹ ó gé ìdajì. Nígbà tẹ́ ẹ bá parí, kí ló kù nínú RDC? Òrùlé àti imú. Ẹ wá fi ohun tí kò sí mọ́ lọ́jà ra òrùlé àti imú. Aristo-Craft ti kógbá wọlé láti 2013. Kò sí ibi tí ẹ ó ti rí omiran bí èyí bá bàjẹ́.

Páálí PVC tí àwọn oníṣẹ́ sáìnbọ́ọ̀dù ń lò, 3 mm, ẹyọ kan jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 4 sí 8. Ó máa ṣe ẹ̀gbẹ́ kóòṣì ju mẹ́wàá lọ. Ẹ gé ihò ilẹ̀kùn àti fèrèsé sí i nígbà tó ṣì tẹ́ pẹrẹsẹ lórí tábìlì, kò sí ìnira. Ara onílàlà, ẹ to igi rọ́bà tín-ín-rín 1 mm sí i níkọ̀ọ̀kan, kí àlàfo 1 mm wà láàárín. Ó máa ń súni, mi ò purọ́, ṣùgbọ́n ó máa ń tọ́.

Ọ̀rọ̀ ìbú tẹ́ ẹ sọ yẹn gan-an ló gbè mí lẹ́sẹ̀. Tó bá wá di ọjọ́ kan tí arákùnrin fẹ́ ọkọ̀ IRT, àwọn tó kéré tó ń rìn lójú ọ̀nà onínọ́ńbà ní New York, ìbú wọn jẹ́ mítà 2.67 péré. 92 mm nìyẹn. RDC fi 13 mm tóbi jù ú lọ. Ẹni tó mọ páálí lò á ṣe é. Ẹni tó mọ ayùn nìkan á jókòó.

---

Ayùn Irin:

Lórí IRT, mo gbà fún yín tọwọ́tẹsẹ̀. Lórí R32, rárá o.

Ẹ̀yin ẹ rò pé ẹ̀rún ni 257 mm tó bọ́ sílẹ̀. Ibẹ̀ ni ohun tá a ó fi dí ilẹ̀kùn ipẹ̀kun ti ń wá! Ara onílàlà kan náà, ìlà rẹ̀ bára mu gẹ́lẹ́, kò sí pé à ń to igi rọ́bà. Kóòṣì kan á fún yín ní ẹ̀gbẹ́ méjì tó gùn ní 257 mm, ihò mẹ́rin tó fẹ̀ ní nǹkan bí 30 mm lẹ ó dí. Ó ṣẹ́kù.

Ibi tí wọ́n máa ń ṣe àṣìṣe ni ibi tí wọ́n ń gé. Gbogbo ènìyàn ń gé àárín gbùngbùn, torí gegele orí òrùlé RDC wà níbẹ̀, wọ́n fẹ́ kó lọ. Ó lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ojú ìpàdé wá bọ́ sí ara fèrèsé tó wà láàárín ilẹ̀kùn kejì àti ìkẹta. Ibẹ̀ ni ojú ènìyàn kọ́kọ́ ń dé. Bí ẹ kùn ún lẹ́ẹ̀mẹwàá, bí iná bá tàn sí i láti ẹ̀gbẹ́, ẹ ó rí ìlà rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí ojú ìpàdé bọ́ sí àárín ilẹ̀kùn kejì. Bí ilẹ̀kùn mẹ́rin bá pín déédéé sára 636 mm, àárín ìkejì á wà ní 238 mm sí imú. Ẹ mú 257 mm kúrò láti ibẹ̀ lọ: ẹ gé ní 238, ẹ gé ní 495. Ẹ so ó. Lẹ́yìn náà kí ẹ wá gé ihò ilẹ̀kùn, 44 mm ní fífẹ̀, sí orí ojú ìpàdé gan-an. Ihò yẹn á jẹ ojú ìpàdé náà run! Ohun tó kù kò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà kan lókè ilẹ̀kùn, àti òrùlé. Ti òrùlé, fílà (filler, ohun tí wọ́n fi ń dí ojú ihò) tí àwọn panẹli-bítà ń lò tó o. Ẹ yẹ àwòrán wò dáadáa kí ẹ rí i bóyá ilẹ̀kùn ọ̀tún àti ti òsì kọjú síra kí ẹ tó fa ìlà.

Gegele òrùlé tó bá ṣẹ́kù lẹ́yìn 495, ẹ fi ayùn là á sílẹ̀, ẹ bo ibẹ̀ pẹ̀lú rọ́bà 1.5 mm, ẹ fi sánpépà tẹ́ ẹ.

---

Ará Kubwa:

Ayùn wo? Èyí tó wà lọ́wọ́ mi, ti agé-irin ni, eyín rẹ̀ nípọn.

---

Ayùn Irin:

Eyín 32 nínú íǹṣì kan, kò gbọdọ̀ kéré sí i. Ojú rẹ̀ ń jẹ nǹkan bí 1 mm, nítorí náà ẹ má gé sórí ìlà. Ẹ gé ní 239 dípò 238, àti ní 494 dípò 495, kí 1 mm kù ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan fún fáìlì.

Ẹ fi tépù funfun yí kóòṣì po, kí ẹ fa ìlà sórí tépù. Ẹ gé òrùlé kẹ́yìn. Bí ẹ bá kọ́kọ́ gé òrùlé, ẹ̀gbẹ́ á máa gbọ̀n, eyín ayùn á fa ara onílàlà ya. Kí ẹ sì fi igi tó fẹ̀ tó inú kóòṣì há a láti inú nígbà tẹ́ ẹ bá ń gé. Káfíńtà ní Kugbo á gé igi náà fún yín kí ẹ tó parí ọ̀rọ̀.

Bí ẹ bá wá fẹ́ so ó: rọ́bà 2 mm, 20 mm ní fífẹ̀, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú, 10 mm ní ìhín, 10 mm ní ọ̀hún. Òrùlé náà bẹ́ẹ̀. Ẹ má lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tí ihò ilẹ̀kùn ń bọ̀, ẹ ó tún gé e dànù.

Gọ́ọ̀mù: ABS, irú rọ́bà líle kan, ni kóòṣì yìí. Acetone tí àwọn tó ń ṣe èékánná obìnrin ń tà ní Wuse ń yọ́ ABS, ṣùgbọ́n kó jẹ́ ògidì, kì í ṣe èyí tí wọ́n pò lọ́fínńdà àti òróró mọ́. Ẹ ju ẹ̀rún ABS sínú rẹ̀ nínú ìgò onídérí, ẹ fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, ó máa di bí àkàmù. Òun ni gọ́ọ̀mù, òun náà ni fílà fún ojú ìpàdé. Ẹ má fi súpà gúlúù so ojú ìpàdé, ó le ju rọ́bà fúnra rẹ̀ lọ. Bí ẹ bá fi sánpépà gbá a, rọ́bà á jìn, gúlúù á ga.

---

Páálí Funfun:

Kí ọjọ́ márùn-ún kọjá kí ẹ tó fi sánpépà kàn án. Acetone á ti fò lọ lójú, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ṣì rọ̀. Bí ẹ bá sáré tẹ́ ẹ, ó máa sọ̀ kalẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kejì, ẹ ó rí kòtò lábẹ́ ọ̀dà.

---

Ọmọ Kàdúná:

Ẹ dákun, Àbújá lẹ wà. Kí ló dé tí ẹnikẹ́ni ò kọ́ ọkọ̀ ojú irin Àbújá, tó jẹ́ ti New York lẹ̀ ń sáré tẹ̀lé?

---

Bátìrì Ò Kú:

Torí ti Àbújá kì í ṣe ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀, orí ilẹ̀ ló ń gbà, dísùù ló sì ń mu. Wọ́n ṣí i ní oṣù keje 2018, ibùdókọ̀ 12, kìlómítà 45 lé díẹ̀. Èyí tó bá ti abẹ́ ilẹ̀ tan jù lọ ní orílẹ̀-èdè wa ni ojú irin Blue Line ti Èkó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kẹsàn-án 2023: iná mànàmáná ló ń lò, 750 V, láti ara irin kẹta tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin. New York náà ń lo irin kẹta. Ṣùgbọ́n orí ilẹ̀ àti orí afárá ni òun náà ń gbà.

Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ti Àbújá, kó kúrò lórí 1:29. Ojú irin ibẹ̀ jẹ́ 1435 mm. Ẹ pín 1435 sí 45, ẹ ó rí 31.9. Skéèlì 1:32 ló tọ́. Ní 1:29, ojú irin 45 mm dúró fún 1305 mm, ẹsẹ̀ ọkọ̀ á dà bíi pé ó tínrín lábẹ́ ara ńlá. Àwọn ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà kan yàn án torí ọkọ̀ ńlá ń tà, wọ́n sì mọ̀ pé kò bára mu. Rélùwéè àtijọ́ tiwa tó kọjá ní Kàdúná àti Kánò, 1067 mm ni. Ẹ ṣe ìṣirò kan náà: 23.7. Kóòṣì iléeṣẹ́ LGB ti 1:22.5, tí wọ́n ṣe fún ojú irin mítà kan, ló sún mọ́ ọn jù. Iṣẹ́ yẹn dùn, ẹ sì lè fi gígé ṣe é. Ẹ tọrọ àyè kí ẹ tó ya àwòrán ní ibùdókọ̀ o, àwọn ẹ̀ṣọ́ kì í fi í ṣeré.

---

Ọmọ Kàdúná:

Ó yé mi. Ẹni tó bá wá sí Kàdúná kó dé Panteka. Irin pẹlẹbẹ, dírọ́ọ̀lì tín-ín-rín, fáìlì àlòkù, mọ́tọ̀ inú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ irun, gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀. Ní Kánò, Kofar Ruwa.

---

Páálí Funfun:

Ti Àbújá: Dei-Dei fún gbogbo ohun tó jẹ mọ́ ilé kíkọ́. Àwọn tó ń ṣe fèrèsé alumíníọ̀mù máa ń da ìgé sílẹ̀; ẹ bẹ̀ wọ́n fún èyí tó rí bíi gọ́tà, 12 mm sí 12 mm. Òun ni egungun ẹ̀yìn tí ẹ ó fi sábẹ́ ilẹ̀ kóòṣì kó má baà tẹ̀ láàárín.

Àwọn oníṣẹ́ sáìnbọ́ọ̀dù tó ní ẹ̀rọ laser, Perspex 2 mm ni kí ẹ gbé fún wọn. Pákó ilẹ̀kùn 32 lẹ nílò fún kóòṣì méjì, 22 mm ọ̀kọ̀ọ̀kan ní fífẹ̀, laser á gé wọn bára mu bí ìbejì. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi laser gé páálí PVC láéláé. Èéfín rẹ̀ ń di ásíìdì. Ó ń jẹ ẹ̀dọ̀fóró ènìyàn, ó sì ń jẹ ẹ̀rọ wọn. Ọ̀bẹ ni ti PVC.

Ẹ jẹ́ kí pákó ilẹ̀kùn wọ inú 1 mm sí ara kóòṣì. Bí ó bá dọ́gba mọ́ ara, ó máa dà bíi pé wọ́n ya ilẹ̀kùn sí i.

---

Bátìrì Ò Kú:

Ẹnikẹ́ni ò tíì sọ̀rọ̀ ẹsẹ̀, ibẹ̀ sì ni iṣẹ́ gígé ti ń dàrú.

Bí ẹ bá gé 257 mm kúrò lára ilẹ̀ kóòṣì bí ẹ ṣe gé ara, bógì méjèèjì (férémù tó gbé táyà irin) á súnmọ́ra jù, nǹkan bí 368 mm láti àárín ọ̀kan dé àárín èkejì. Ti R32 yẹ kó wà ní nǹkan bí 470. Ìyẹn ni pé ẹ ó sún bógì kọ̀ọ̀kan sí ìta ní nǹkan bí 50 mm. Bí ẹ kò bá sún un, ẹ wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀ lórí rédíọ́ọ̀sì 1195. Bí àárín kóòṣì ṣe ń yọ sínú: àlàfo bógì lọ́nà àlàfo bógì, ẹ pín in sí rédíọ́ọ̀sì lọ́nà mẹ́jọ. Bí imú ṣe ń yọ síta: gígùn lọ́nà gígùn, ẹ yọ àlàfo lọ́nà àlàfo, ẹ pín in sí rédíọ́ọ̀sì lọ́nà mẹ́jọ náà. Ní 470, àárín ń yọ 23 mm, imú ń yọ 19. Ní 368, àárín ń yọ 14, imú ń yọ 28. 28 yẹn ló ń já okùn ìsopọ̀: imú kóòṣì kan á fà sí ìta, ti èkejì á tẹ̀lé e, ọ̀pá tó so wọ́n á tì wọ́n kúrò lójú irin.

Ẹ má ge ilẹ̀ kóòṣì níbi tí ẹ ti ge ara. Kí àlàfo 40 mm ó kéré jù wà láàárín ojú ìpàdé méjèèjì, kí ọ̀kan máa ran èkejì lọ́wọ́.

Pèpéle ibùdókọ̀ tí ẹ bá fẹ́ fi sínú ìyípo, kó jìnnà tó 80 mm sí àárín ojú irin. Bí ó bá jẹ́ 60, kóòṣì á fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gbá a. Rédíọ́ọ̀sì 600 tó máa ń wà nínú páálí ọkọ̀ àkọ́kọ́ tí ẹni ń rà, ẹ gbàgbé rẹ̀ pátápátá: àárín á yọ 46 mm.

---

Ará Kubwa:

Iná ńkọ́? Mo fẹ́ kí ojú irin máa gbé iná, bí irin kẹta ti ọkọ̀ gidi.

---

Bátìrì Ò Kú:

Ẹ fi irin kẹta ṣe ọ̀ṣọ́, kí ẹ má fi ṣiṣẹ́. Ọyẹ́ Àbújá á bo irin náà ní eruku láàárín ọjọ́ méjì, ọkọ̀ á máa ta kọ́sẹ́kọ́sẹ́, iná inú rẹ̀ á máa ṣẹ́jú, ẹ ó sì máa fi aṣọ nu irin láràárọ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, nẹ́pà ò ní fi àkókò ránṣẹ́ sí yín.

Bátìrì lithium 18650 mẹ́rin tí ẹ tò tẹ̀lé ara: 14.8 V, 16.8 bó bá kún. Ẹ fi mẹ́rin mìíràn gbè é lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ ó rí nǹkan bí 5000 mAh. Bí mọ́tọ̀ méjì bá ń mu 1.5 A, ó tó wákàtí mẹ́ta. Ẹ má bẹ̀rù pé 14.8 kéré. R32 gidi kò sáré ju nǹkan bíi kìlómítà 88 ní wákàtí kan. Ní 1:29, kò tó mítà kan ní ìṣẹ́jú ààyá. Ìyípo yín jẹ́ mítà 7.5. Ìṣẹ́jú ààyá mẹ́sàn-án ló máa fi yí i po ní eré tó ga jù, ojú á sì rú ẹni tó ń wò ó. Ẹ lò ó ní ìdajì.

Bátìrì tí wọ́n tú láti inú láptọ́ọ̀pù rọrùn láti rí, ṣùgbọ́n ẹ fi mítà wọn kálukú wọn. Èyí tó bá ti wà lábẹ́ 2.5 V, ẹ má sọ pé ẹ fẹ́ jí i dìde. BMS, pátákó tó ń dáàbò bo bátìrì, dandan ni, kó jẹ́ ti bátìrì mẹ́rin. Iná LED aláwọ̀ funfun tútù ni kí ẹ fi sí òrùlé, torí iná ọ̀pá ló wà nínú ti gidi. Okùn LED 12 V lórí 16.8 kì í pẹ́ jó. Ẹ fi pátákó kékeré tó ń sọ fọ́ltéèjì kalẹ̀ sáàárín, ẹ yí i sí 11 V, ó máa tutù, ó sì máa pẹ́.

---

Ọ̀dà Gbígbẹ:

Ẹ ti gbàgbé oòrùn. Láti àárọ̀ ọyẹ́ tí ó wà ní nǹkan bí 15°C títí dé ọ̀sán oṣù kẹta tó lè kan 40, ABS tó gùn ní 636 mm ń nà ju 1 mm lọ. Gọ́tà alumíníọ̀mù tí Páálí Funfun ní kí ẹ fi sábẹ́ kò nà tó ìdá mẹ́ta ìyẹn. Bí ẹ bá fi Aráldáìtì lẹ̀ ẹ́ pinpin láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kóòṣì á tẹ̀ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ní oṣù kẹta. Ẹ fi ìdè (bóòtù) kan há a láàárín. Ní ipẹ̀kun, kí ihò ìdè jẹ́ gbọọrọ, 3 mm sí 6 mm, kí ó lè máa yọ̀.

Èyí náà ni mo fi ń bá àwọn tó ń fi ẹ̀rọ (3D printer) tẹ nǹkan jáde wí. PLA, rọ́bà tí wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́, ń rọ̀ ní nǹkan bí 60°C. Inú mọ́tò tí wọ́n ti fèrèsé rẹ̀ pa síta ní Garki ní ọ̀sán ń kọjá ibẹ̀. Ẹ tẹ ẹ̀gbẹ́ bógì pẹ̀lú rọ́bà PETG, ó tó 80 kó tó rọ̀.

Ní ti àwọ̀ irin: ẹ má ra ọ̀dà alágolo tí wọ́n kọ "chrome" sí. Ó ń dán lọ́jọ́ kìíní, ó ń gba òǹtẹ̀ ìka fún oṣù kan, bí ẹ bá sì fi kílíà (ọ̀dà tí kò ní àwọ̀) bò ó, ó máa di eérú. Irin R32 kò dán bíi dígí, ó ń tàn wọ̀ọ̀ ni. Ẹ kọ́kọ́ fi dúdú tó ń dán, ẹ jẹ́ kó gbẹ, kí ẹ wá fín alumíníọ̀mù lé e fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, ẹ̀ẹ̀mẹta, ìṣẹ́jú 15 láàárín. Ilẹ̀kùn aláwọ̀ búlúù ni ti ìgbà tí wọ́n ṣì jẹ́ tuntun.

Tíńnà tí àwọn pẹ́ńtà ọkọ̀ ń lò ń jẹ ABS. Bí ẹ bá fín in rẹ́kẹ́rẹ́kẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ìlà ara onílàlà á yọ́. Kí ó dà bí eruku nìyẹn, kí tíńnà ti fò kó tó dé ara rọ́bà. Ní àsìkò òjò, ẹ má fín ún nígbà tí ọ̀run bá ṣú: omi inú afẹ́fẹ́ á sọ ọ́ di funfun bíi wàrà. Ní àsìkò ọyẹ́, rọ́bà tí ẹ ti fi sánpépà gbá ń fa eruku mọ́ra. Aṣọ tó lómi díẹ̀ ni kí ẹ fi nù ún kí ẹ tó fín ọ̀dà, kì í ṣe aṣọ gbígbẹ.

---

Páálí Funfun:

Lẹ́yìn gbogbo ẹ̀, ẹ ṣì ń gé ohun tí kò ní ìpààrọ̀. Ìmọ̀ràn mi fún arákùnrin: ẹ fi páálí PVC kọ́ ẹ̀gbẹ́ kan ná, ẹ̀gbẹ́ kan péré, 636 mm, ihò ilẹ̀kùn mẹ́rin. Ọjọ́ kan ni. Ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ RDC, kí ẹ wò ó. Bí iṣẹ́ yín bá tọ́, ẹ kò nílò láti gé nǹkankan. Bí kò bá tọ́, ẹ ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń gé ihò ilẹ̀kùn lórí ohun tí kò wọ́n.

---

Ayùn Irin:

Ìyẹn ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí ẹ sọ tí mi ò ní bá yín jà lé lórí. Páálí yẹn náà lẹ ó fi ṣe òdiwọ̀n: ẹ gbé e lé ara RDC, ẹ fi pẹ́ńsùlù tọ ihò ilẹ̀kùn àti fèrèsé. Ẹ ó rí fèrèsé tó máa kù, ẹ ó sì rí èyí tó máa lọ.

Ihò ilẹ̀kùn: dírọ́ọ̀lì 3 mm sí igun mẹ́rin, ọ̀bẹ lórí rúlà irin, kó kọjá lórí ìlà kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́wàá kó tó já. Ẹ má tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ẹ dúró sí 0.5 mm sí ìlà, kí fáìlì parí rẹ̀. Bí ọ̀bẹ bá yọ̀ sí ara onílàlà, acetone tí ẹ fi ẹ̀rún ABS sí nínú ìgò yẹn ló máa tún un ṣe.

---

Ará Kubwa:

Mo ti fi kálípà wọ̀n ọ́n. Ìbú rẹ̀ 105 gẹ́lẹ́. Gígùn rẹ̀ kò tó 893 o, 889 ni mo rí, lára àwọn méjèèjì.

---

Ayùn Irin:

Ilé iṣẹ́ ló fi 4 mm dín in kù, ó wọ́pọ̀. 253 mm ló máa kúrò nígbà náà, kì í ṣe 257. Ìlà àkọ́kọ́ kò yí, 239 ni kí ẹ gé. Ìkejì ni kí ẹ mú wá sí 490, kí ẹ fi fáìlì mú un dé 491. Ẹ wọn ìkejì láti imú kan náà tí ẹ ti wọn àkọ́kọ́, ẹ má wọ̀n ọ́n láti ìdí.